Bọ́tìnnì Tó Jókòó Lé Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń fi òjé jó ìka ara mi
ní yàrá ẹ̀yìn, ní Ìtòkò,
níbi tí páànù òrùlé ti pọ́n bí epo àná,
tí ooru àpáta ń gun ògiri wá bá mi lórí àga.
Ọgọ́ta bọ́tìnnì, ọgọ́ta ìdáyódù,
ẹsẹ̀ méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ó ti sú mi.

Mo fẹ́ kó máa dún ni.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi tẹ ìwé ìjọba ní Òkè-Mosàn
lórí ẹ̀rọ onírin tó ń pariwo bí òjò àkọ́rọ̀.
Ó fẹ̀yìn tì, àwọn ìka rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì:
bó bá ń dúró kí omi hó, wọ́n á máa tẹ etí tábìlì,
tàkà-tàkà, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ sí.
Kọ̀ǹpútà mi kò bá a lára mu.
Ó ní ó dà bí ẹni ń fi ìka tẹ ẹ̀kọ tútù.

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Iná pupa kékeré tàn.
Mo tẹ A. Kẹ́kẹ́ pa.
Mo tẹ S, mo tẹ D, mo gbá gbogbo ìlà àárín
bí ẹni ń gbá ọmọ tó dákú.
Ìlà òkè ń sọ̀rọ̀, ìlà ìsàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀,
àárín padé bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́ Ẹtì.

Ẹni tó ń wá àṣìṣe, ara ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ń wò.
Mo bú wáyà. Mo bú Ṣóbọ̀wálé tó ta ìdáyódù fún mi ní Pánṣẹ́kẹ́,
mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n,
ẹ wo ibi tí ìlà ara wọn kọjú sí."
Ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, bí àwọn tó ń kírun.
Kì í ṣe wọn.
Mo mú mítà, mo fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì tọ́ ojú òjé wò:
ibi tó bá dáa á ké pín-ín.
Ó ké, ó ké, ó ké, ó dákẹ́.
Òjé ibẹ̀ ṣú, kò dán.
Ibẹ̀ gan-an ni mo dé lálẹ́ àná tí wọ́n mú iná lọ,
tí irin tutù lọ́wọ́ mi,
tí mo ń parọ́ fún ara mi pé ó ti mú.

Mo tún un jó. Ó dán bí ojú ẹja.
A dé. S dé. Wọ́n ń wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́.
K nìkan ni kò wá.

Ìyá mi nu ọwọ́ sí ìró, ó jókòó,
ó tẹ Kíkẹ́lọmọ, orúkọ rẹ̀;
Íẹ́lọmọ ló jáde.
Ó tẹ Abẹ́òkúta, a rí Abẹ́òúta,
ìlú tí wọ́n ti wa òkúta rẹ̀ tà.
Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́:
Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì wọlé.
Ẹ̀rọ kọ ọ́: owó ìfẹ̀yìntì mi ò tíì wọlé.
Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ náà ṣì ni,
ṣùgbọ́n a kì í kọ ọ́ báyìí sí ìjọba."

Ó dojú rẹ̀ dé, ó wọ awò rẹ̀.
"Láyé tiwa, bí lẹ́tà kan ò bá dìde,
kì í ṣe pé ó kú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló há.
Ẹsẹ̀ mélòó ló yẹ kí n rí níbí?"
Méjì, mà.
"Ẹyọ kan ni mò ń rí."

Lóòótọ́: òjé bo ihò,
ó dán, ó rẹwà, kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.
Mo yọ́ ọ, mo fa bọ́tìnnì jáde,
ẹsẹ̀ kejì ká sábẹ́ ìdí rẹ̀
bí ìyá mi ṣe máa ń jókòó nígbà tí ọ̀gá ò bá sí ní ọ́fíìsì.
Mo fi ẹ̀mú nà án.

Kò tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́.
Ó tẹ kò. Ó tún un tẹ̀.
Odidi ìlà kan, kò kò kò kò kò,
bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn
tó sì mọ̀ pé wọ́n wà nílé.